Ta Ló Lè Sọ Fún Ọba Pé Rárá? Ìtàn Dáyámọ́ńdì ní Orílẹ̀-èdè Méjì

Wọn ò tíì ka ìbò tán ní Botswana ní òwúrọ̀ ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2024 nígbà tí Ààrẹ Mokgweetsi Masisi gbé fóònù, ó pe Duma Boko tí wọ́n jọ du ipò, ó sì kí i kú oríire. Ẹgbẹ́ òṣèlú BDP (Botswana Democratic Party) tí Masisi ń darí kò kúrò lórí àlééfà rí láti ọjọ́ tí orílẹ̀-èdè náà ti gba òmìnira lọ́dún 1966. Ọdún 58 ni wọ́n fi jókòó sórí rẹ̀. Nínú àga 61 tí àwọn ará ìlú dìbò yan èèyàn sí nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, 4 péré ló ṣẹ́ kù sí wọn lọ́wọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Boko ti búra níwájú adájọ́ àgbà. Ṣọ́jà ò jáde. Ẹni tó ń gbé ìjọba sílẹ̀ bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀, ó gbà pé àwọn fìdí rẹmi, ó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọdún 57 ṣáájú ìgbà náà, Sierra Leone náà dìbò, alátakò sì borí. Ẹ wo bó ṣe parí. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta ọdún 1967, Gómìnà Àgbà búra fún Siaka Stevens ti ẹgbẹ́ APC (All People's Congress) tibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olórí ìjọba. Ìbúra yẹn ò tíì tutù lẹ́nu rẹ̀ tí àwọn ọmọ ogun Brigedíà David Lansana fi yí ilé ìjọba ká, tí wọ́n sì há àtòun àti Gómìnà Àgbà mọ́. Ó di oṣù Kẹrin ọdún 1968, lẹ́yìn ìfipágbàjọba mìíràn, kí Stevens tó padà sórí àga. Nígbà tó sì dé ibẹ̀, ó rí i dájú pé kò sẹ́ni tí yóò tún lè fi ìbò yọ òun. Ọdún 1978 ni Sierra Leone di orílẹ̀-èdè ẹlẹ́gbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ló jẹ gàba lé àwọn méjèèjì lórí. Dáyámọ́ńdì wà nínú ilẹ̀ àwọn méjèèjì. Lónìí, bí a bá pín ohun tí Botswana ń mú jáde lọ́dún kan fún àwọn ọmọ ibẹ̀ lọ́gbọọgba, ti ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò ju $6,000 lọ. Ti Sierra Leone kò tó $1,000. Ìyàtọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí á fara balẹ̀ wò, torí pé lójoojúmọ́ là ń gbọ́ ọ nílé pé ohun àlùmọ́nì wa ló pọ̀ jù, tàbí pé orí wa ni ò pé, tàbí pé Ọlọ́run ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Ká ní ẹnì kan ní kí a ta tẹ́tẹ́ lórí àwọn méjèèjì láyé ìgbà yẹn, Sierra Leone ni ọ̀pọ̀ wa ì bá mú. Àwa Yorùbá gan-an mọ ìdí rẹ̀. Freetown ni wọ́n sọ Àjàyí Crowther kalẹ̀ sí lọ́dún 1822, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ tà á sókè òkun. Nígbà tí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay sílẹ̀ lọ́dún 1827, ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jókòó níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí wọ́n tú sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Àkú ní Freetown, àwọn tó sì padà wálé sí Èkó àti Abẹ́òkúta, tí a ń pè ní Sàró, ni wọ́n gbé ìwé, òwò àti iṣẹ́ amòfin dé ọ̀dọ̀ wa. Ìlú tó ti ń kọ́ ọmọ Áfíríkà ní ẹ̀kọ́ gíga láti ọdún 1827 nìyẹn.

Botswana ńkọ́? Nígbà tí ó gba òmìnira, àwọn ọmọ ibẹ̀ tó ní ìwé ẹ̀rí yunifásítì jẹ́ 22. Títì ọlọ́dà tó wà ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà jẹ́ kìlómítà 12. Aṣálẹ̀ Kalahari ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ rẹ̀, ọ̀dá sì ti dá wọn láàmú fún ọdún mélòó kan. Kódà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ò kọ́ olú ìlú síbẹ̀. Láti Mafeking, tó wà ní ilẹ̀ South Africa, ni wọ́n ti ń ṣàkóso rẹ̀, bí ẹni tó ń ṣọ́ oko láti ilé aládùúgbò.

Ní ọdún 1967, ọdún kan péré lẹ́yìn òmìnira, wọ́n rí dáyámọ́ńdì ní Orapa. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí díẹ̀. Orapa bọ́ sí agbègbè àwọn Bangwato, ẹ̀yà kan lára àwọn Tswana, ìdílé ọba Bangwato ni wọ́n sì ti bí Seretse Khama, Ààrẹ àkọ́kọ́. Ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ni. Bí ó bá ní ti àwọn èèyàn òun ni, kò sí ẹni tí yóò yà lẹ́nu. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn kan náà, ìjọba rẹ̀ ṣòfin pé gbogbo ohun àlùmọ́nì tó wà nínú ilẹ̀, níbikíbi tó bá wà, ti gbogbo orílẹ̀-èdè ni. Ó mú un kúrò lọ́wọ́ àwọn ẹ̀yà, tirẹ̀ ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìjọba kọ́kọ́ ní nínú ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ pẹ̀lú De Beers, ilé iṣẹ́ ńlá tó ń wa dáyámọ́ńdì. Nígbà tí wọ́n rí i pé ohun tó wà nílẹ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ, wọ́n padà sídìí tábìlì, ní ọdún 1975 ó sì di ìdajì-ìdajì. Owó náà kò wọ àpò Ààrẹ. Inú àpò ìjọba ló wọ̀, ìjọba ò sì gbọ́dọ̀ ná an sórí iṣẹ́ tí kò bá sí nínú ètò ìdàgbàsókè tí ilé aṣòfin ti fọwọ́ sí. Ketumile Masire, tó jẹ́ igbákejì Khama, tó sì tún di ètò ìṣúná mú, ni ọ̀pá àtìlẹ́yìn ètò yẹn.

Ó rọrùn láti ní Khama jẹ́ èèyàn rere, kí á sì parí ọ̀rọ̀ síbẹ̀. Èmi ò gbà pé ìwà rere nìkan ni. Khama dàgbà ní ìlú tí wọ́n ti lè sọ fún ọmọ ọba pé rárá.

Wọ́n sì sọ ọ́ fún un. Lọ́dún 1948, nígbà tó ń kàwé ní London, ó fẹ́ Ruth Williams, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì, láìbi ará ilé léèrè. Tshekedi, àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń delé ọba dè é, kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n pè é sí kgotla. Kgotla ni ojúde tí àwọn Tswana ti ń péjọ sábẹ́ igi tàbí lẹ́bàá ọgbà ẹran, tí ọba yóò jókòó tí yóò sì máa gbọ́ ohun tí ará ìlú ń wí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n jókòó lórí ọ̀rọ̀ ìyàwó Khama. Ní àkọ́kọ́, wọ́n kọ ìgbéyàwó náà fún un. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1949, lẹ́yìn tí ó ti rojọ́ títí, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn dìde pé àwọn gbà á, àtòun àtìyàwó rẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí ń bẹ̀rù ohun tí àwọn aláwọ̀ funfun South Africa yóò sọ, ló lé e kúrò nílùú. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kó padà wálé lọ́dún 1956, ó ti yọ ọwọ́ kúrò nínú oyè bàbá rẹ̀. Bí ará ìlú lásán ló ṣe wọ òṣèlú.

Àwọn Tswana máa ń sọ pé "Kgosi ke kgosi ka morafe": àwọn ará ìlú ló ń sọ ọba dọba. Gbogbo ìlú ló ní irú ọ̀rọ̀ dídùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu. Ohun tó ya tiwọn sọ́tọ̀ ni pé ojúde tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣèwà hù kò bà jẹ́ nígbà ìjọba amúnisìn. Kì í ṣe pé Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn wọn. Ní ọdún 1895, nígbà tí Cecil Rhodes, oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì kan, fẹ́ gba ilẹ̀ náà, ọba mẹ́ta, Khama Kẹta, Sebele àti Bathoen, wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí London láti lọ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n má fi àwọn lé e lọ́wọ́, wọ́n sì rí ohun tí wọ́n wá gbà. Lẹ́yìn ìyẹn, Gẹ̀ẹ́sì rí i pé iyanrìn àti màlúù ni gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Wọn ò náání rẹ̀, àìnáání náà ló sì gba kgotla là.

Wọ́n náání Sierra Leone ní tirẹ̀. Ní ọdún 1896 wọ́n fi ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn Freetown sábẹ́ ààbò wọn, wọ́n sì bu owó orí lé ilé kọ̀ọ̀kan. Ogun owó orí ilé bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1898, Bai Bureh sì wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì borí, àwọn olóyè àgbà ni wọ́n fi ń ṣàkóso. Ìdílé tí ìjọba bá mọ̀ sí ìdílé olóyè nìkan ló lè dé ipò náà, ẹni tó bá dé e ń wà níbẹ̀ títí ọjọ́ ikú, ọwọ́ rẹ̀ sì ni ilẹ̀, ẹjọ́ àti owó orí wà. Ta ló lè sọ fún irú olóyè bẹ́ẹ̀ pé rárá? Ìjọba tó fi í sípò ni, kì í ṣe ará abúlé tó ń fi iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ro oko rẹ̀. Láàárín ọdún 1955 sí 1956, àwọn ará oko dìde sí àwọn olóyè wọ̀nyí, wọ́n dáná sun ilé, wọ́n ba dúkìá jẹ́. Inú ilé àwókù yìí ni òmìnira bá wọn lọ́dún 1961.

Dáyámọ́ńdì náà ti wà nílẹ̀ nígbà yẹn. Ọdún 1930 ni wọ́n rí i, lọ́dún 1935 ìjọba amúnisìn sì fún ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo láṣẹ láti máa wà á fún ọdún 99. Bí ọmọ Kono, agbègbè tí dáyámọ́ńdì wà, bá rí òkúta tó ń dán nínú odò bàbá rẹ̀, tó sì mú un, ó di ọ̀daràn. Stevens gba ìdá 51 ilé iṣẹ́ náà fún ìjọba ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ó jọ ohun tí Botswana ṣe, àbí? Ẹ wo nọ́ńbà. Ní ọdún 1970, dáyámọ́ńdì tó gba ọ̀nà tó bófin mu jáde kúrò ní Sierra Leone lé ní mílíọ̀nù méjì káráàtì. Ní ọdún 1988, ó ti di nǹkan bíi 48,000. Òkúta náà ò tán nínú ilẹ̀. Ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, lọ́wọ́ àwọn èèyàn tó sún mọ́ àga ìjọba, ni wọ́n ń gbé e gbà.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ kan níbí. Dáyámọ́ńdì méjèèjì ò rí bákan náà nínú ilẹ̀. Ti Botswana rì sínú àpáta jíjìn, ẹ̀rọ ńlá ló ń wà á. Ti Sierra Leone fọ́n káàkiri etí odò, ṣọ́bìrì àti asẹ́ ti tó. Ó rọrùn láti jí èyí tó wà létí odò ju èyí tó wà nísàlẹ̀ àpáta. Ẹni tó bá ní ìlànà nìkan ló fa ìyàtọ̀, ó ń fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Síbẹ̀, kì í ṣe etí odò ló ní kí Stevens pa ọkọ̀ ojú irin tì.

Ọkọ̀ ojú irin yẹn máa ń ti Freetown gba Bo lọ sí Pendembu, ó gba àárín ilẹ̀ àwọn Mende kọjá, níbi tí ẹgbẹ́ SLPP tó ń ta ko Stevens ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Báǹkì Àgbáyé ti sọ pé kò mú èrè wọlé, ìyẹn sì fún ìjọba ní ohun tí wọn yóò wí. Wọ́n pa á tì, wọ́n hú irin rẹ̀, wọ́n tà á. Kọfí àti kòkó àwọn àgbẹ̀ ìlà-oòrùn jókòó sínú oko. Ọ̀pọ̀ ọmọ Sierra Leone ló gbà títí dòní pé nítorí òṣèlú ni, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Kí ló lè mú olórí kan ba ọ̀nà ọjà ìlú ara rẹ̀ jẹ́? Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù nìyí. Àgbẹ̀ tó rí ọkọ̀ kó ẹrù rẹ̀ yóò lówó. Tó bá lówó, yóò rán ọmọ rẹ̀ lọ sílé ìwé, yóò lè dá ẹgbẹ́ òṣèlú lọ́wọ́, yóò lè gba lọ́yà. Ìdàgbàsókè máa ń bí àwọn èèyàn tó lè sọ pé rárá. Fún olórí tí kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, òṣì ará ìlú kì í ṣe àṣìṣe. Odi ààbò rẹ̀ ni.

Ní ọdún 1985, Stevens fa ìjọba lé Joseph Momoh, ọ̀gá àwọn ọmọ ogun, lọ́wọ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 1991, àwọn ọlọ̀tẹ̀ RUF ré ẹnubodè Liberia kọjá. Ìjọba ò lágbára láti dá wọn dúró, torí pé kò tíì kọ́ ohunkóhun tó lágbára bí kò ṣe ti àbò ara rẹ̀. Ogun náà jà títí di ọdún 2002, wọ́n sì fojú bu iye àwọn tó kú sí nǹkan bí 50,000. Mi ò ní sọ̀rọ̀ ọwọ́ tí wọ́n gé.

Irú ọ̀rọ̀ yìí ló gba ẹ̀bùn Nobel ti ètò ọrọ̀ ajé ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, nígbà tí wọ́n fún Daron Acemoglu, Simon Johnson àti James Robinson. Ohun tí wọ́n wí, ní kúkúrú, ni pé ìlànà ìlú ló ń pinnu bóyá orílẹ̀-èdè yóò là tàbí yóò tòṣì, ju ojú ọjọ́ tàbí ohun àlùmọ́nì lọ. Wọ́n tẹ̀ lé ipasẹ̀ àwọn amúnisìn: níbi tí ibà àti àrùn ti ń pa àwọn òyìnbó lọ rẹpẹtẹ, wọn ò jókòó, ìlànà kíkó ọrọ̀ ìlú lọ ni wọ́n gbé kalẹ̀, níbi tí ara ti gbà wọ́n, wọ́n dúró, wọ́n sì fi òfin dáàbò bo dúkìá ara wọn. Ìlànà kọ̀ọ̀kan wá dúró pẹ́ ju àwọn tó dá a sílẹ̀ lọ.

Ìlànà ìlú tí mò ń wí kì í ṣe òfin inú ìwé nìkan. Ohun tí ará ìlú mọ̀ dájú pé yóò ṣẹlẹ̀ ni. Bí mo bá gbin kòkó, ṣé èmi ni n ó kórè rẹ̀? Bí mo bá kọ́ ṣọ́ọ̀bù, ṣé ẹni tó mọ gómìnà lè wá wó o láàárọ̀ ọ̀la? Bí agbófinró bá gba mọ́tò mi láìnídìí, ta ni n ó fẹjọ́ rẹ̀ sùn, ṣé n ó sì sùn sílé mi lóru ọjọ́ náà? Ìdáhùn tí mẹ́káníìkì, aláṣọ òkè àti ọmọdé tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà bá ń fún ara wọn sí irú ìbéèrè báyìí ló ń pinnu bí wọn yóò ṣe fi owó ṣòwò tó tàbí bí wọn yóò ṣe rì í mọ́lẹ̀ tó.

Àwọn kan ò gbà. Wọ́n ní Botswana kéré, èèyàn ibẹ̀ ò tó mílíọ̀nù mẹ́ta, dáyámọ́ńdì wọn ló pọ̀ ju ẹnu wọn lọ. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ẹ wá wo Equatorial Guinea, tí èèyàn rẹ̀ ò tó mílíọ̀nù méjì, tí epo rọ̀bì bẹ̀rẹ̀ sí tú jáde níbẹ̀ rẹpẹtẹ láti àárín àwọn ọdún 1990. Teodoro Obiang ti ń ṣèjọba ibẹ̀ láti ọdún 1979, ọmọ rẹ̀ sì ni igbákejì rẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní Paris dá ọmọ yìí lẹ́bi lọ́dún 2017 lórí owó ìlú tó fi ra ilé àti mọ́tò olówó ńlá. Paris ni wọ́n ti lè sọ fún un pé rárá. Nílé, kò sí ẹni tó tó bẹ́ẹ̀, tálákà ibẹ̀ sì ṣì pọ̀ jáǹrẹrẹ.

Àwọn mìíràn tọ́ka sí South Korea, pé abẹ́ ọwọ́ líle Park Chung-hee, láti ọdún 1961 sí 1979, ló ti là. Òótọ́ ni, kò sì yẹ kí á fi pamọ́. Ọ̀gá kan lè fi ipá mú ìlú sáré fún ìgbà díẹ̀, pàápàá bí wọ́n bá ti pín ilẹ̀ oko fún àgbẹ̀ ṣáájú, bí wọ́n ti ṣe níbẹ̀, tí ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ owó ìjọba sì gbọ́dọ̀ rí ọjà tà sókè òkun. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí ìdàgbàsókè yẹn bí ló tú sígboro lọ́dún 1987 tí wọ́n gba ẹ̀tọ́ láti fi ìbò yan Ààrẹ fúnra wọn. Nígbà tí Ààrẹ Yoon Suk Yeol kéde òfin ológun ní alẹ́ ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 2024, àwọn aṣòfin fo ògiri wọ ilé ìgbìmọ̀, àwọn 190 sì dìbò ta kò ó kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ yọ ọ́ nípò pátápátá.

Ìran Yorùbá ò nílò kí ẹnikẹ́ni wá kọ́ ọ ní ohun tí à ń sọ yìí. Ọ̀yọ́ Mèsì lè gbé igbá òfìfo tàbí ẹyin ayékòótọ́ ka iwájú Aláàfin, Aláàfin á sì mọ̀ pé ayé ti kọ òun. Ohun tí a gbọ́dọ̀ rántí ni pé àwọn tó ń ṣọ́ ọba náà nílò ẹni tí yóò ṣọ́ wọn. Baṣọ̀run Gáà lo àṣẹ yẹn títí ó fi di pé òun gan-an ló ń jọba, tó ń fi ọba kan rọ́pò òmíràn, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹ àwọn abúlé run, kí Aláàfin Abíọ́dún tó rẹ́yìn rẹ̀ lọ́dún 1774. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wí pé bí o láyà o ṣèkà, bí o rántí ikú Gáà o sọ òtítọ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú un sún mọ́lé díẹ̀ sí i. Ẹnikẹ́ni tí bàbá àgbà rẹ̀ gbin kòkó ní Oǹdó, Iléṣà tàbí Ìbàdàn ti gbọ́ nípa Máàkẹ́tìn Bọ́ọ̀dù. Láti ọdún 1947, bọ́ọ̀dù nìkan ló lè ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ láti tà á sókè òkun, iye tó bá sì wù ú ló ń san. Wọ́n ní àwọn ń tọ́jú èlé rẹ̀ de ọjọ́ tí ọjà bá já wálẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 1954, ó bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Ìwọ̀-oòrùn. Owó yẹn wà lára ohun tó gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 1955 ró, ọ̀pọ̀ wa ló jẹ àǹfààní rẹ̀, èmi ò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi í ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ò ní ohùn nídìí rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìwádìí Coker fi hàn lọ́dún 1962 pé owó bọ́ọ̀dù ti gba ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ aládàáni kan dé inú àpò ẹgbẹ́ òṣèlú. Owó tí ìjọba rere fi kọ́ ilé ìwé lánàá, ìjọba mìíràn lè fi ra mọ́tò lọ́la, bí ẹni tó ni kòkó kò bá lè béèrè. Nígbà tó di ọdún 1968, tí owó orí gun orí owó orí títí agbára àgbẹ̀ ò fi ká a mọ́, tí òṣìṣẹ́ akówó-orí ń wọ yàrá onílé, Àgbẹ̀kọ̀yà gbé ìbọn. Tafa Adéoyè àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀kẹ́ mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, ni agbára àwọn mọ. Ẹ̀mí ṣòfò kí ìjọba tó gbà láti sọ ọ́ di pọ́n-ùn 2. Kí ló dé tó fi jẹ́ ìbọn ni àgbẹ̀ fi sọ pé rárá? Torí pé kò sí ojúde kankan tí wọ́n ti lè gbọ́ ọ.

Ohun tó wà nílẹ̀ báyìí náà kò jìnnà síyẹn. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé àwọn gómìnà kò gbọ́dọ̀ máa di owó ìjọba ìbílẹ̀ mú mọ́, kí ó máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. Oṣù gorí oṣù lẹ́yìn ìdájọ́ náà, àríyànjiyàn ṣì ń lọ lórí bí yóò ṣe débẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ ló yẹ kó jẹ́ kgotla tiwa. Ibẹ̀ ni ìyálọ́jà ti lè rí alága lójú, kó bi í léèrè owó gọ́tà. Bí alága náà bá mọ̀ pé gómìnà ló fi òun síbẹ̀, ìyálọ́jà kọ́ ni yóò dá lóhùn.

Ẹ má sì rò pé mo fi Botswana ṣe ọ̀run. Àìríṣẹ́ṣe ń jẹ àwọn ọ̀dọ́ níyà níbẹ̀, ààlà tó wà láàárín olówó àti tálákà sì wà lára èyí tó fẹ̀ jù lágbàáyé. Ìjọba kó àwọn San, ẹ̀yà ọlọ́dẹ tó ti wà níbẹ̀ tipẹ́, kúrò ní ilẹ̀ baba wọn ní àárín gbùngbùn Kalahari. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2006, ilé ẹjọ́ gíga dájọ́ pé kò bófin mu, ìjọba sì ṣe gbogbo ohun tó lè ṣe láti dín agbára ìdájọ́ náà kù. Wọ́n sì gbára lé òkúta kan ṣoṣo jù. Ní báyìí tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ṣe dáyámọ́ńdì, tí àfẹ́sọ́nà ní Amẹ́ríkà ò mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ mọ́, ọjà já gidigidi. Ìjọba Boko gba àpò tó ti gbẹ. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ó kéde ipò pàjáwìrì nínú ètò ìlera torí pé oògùn tán nílé ìwòsàn, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ ogun máa mójú tó bí wọn yóò ṣe pín in. Orílẹ̀-èdè tó jẹ́ ara àwọn tó kọ́kọ́ ń fún gbogbo aláìsàn HIV ní oògùn lọ́fẹ̀ẹ́ ní Áfíríkà nìyẹn, láti ọdún 2002. Láti ìgbà òmìnira, wọn ò tíì dán kgotla wò báyìí rí láìsí owó dáyámọ́ńdì nídìí rẹ̀.

Ní Sierra Leone, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2022 tí kò pariwo tó bí ó ṣe yẹ. Ilé aṣòfin ṣe òfin tuntun lórí ilẹ̀ ìbílẹ̀. Obìnrin ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ ìdílé bíi ti ọkùnrin, àwọn ará ìlú fúnra wọn sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ilé iṣẹ́ awakùsà tó wọlé. Ìbuwọ́lù olóyè àgbà nìkan kò tó mọ́. Bí wọ́n bá jókòó ní abúlé kan ní Kono, tí àwọn obìnrin àti ọkùnrin ibẹ̀ sì sọ pé àwọn ò fẹ́, òfin ní kí awakùsà kó ẹ̀rọ rẹ̀ padà.